Ọkọ̀ Eegun

Ara mi máa ń tètè fu. Bí ẹni tó ń ta tòmátì bá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń tú gbogbo ohun tó dì sínú ọ̀rá fún mi wò kí n tó kúrò níwájú rẹ̀. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá dé àlùjánnà, n ó kọ́kọ́ bi máláíkà tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé n ó béèrè lóòótọ́.

Aṣọ ni mo ń rán ní Ìsẹ́yìn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkèhò. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ajórinmọ́rin kan, tó fi jẹ́ pé bí mo bá jókòó ti máṣíìnì mi, kò sí irin tó máa wọ ibẹ̀ tàbí tó máa jáde níbẹ̀ tí ojú mi kò ní bá. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ìbàdàn ló ti wá, kò tíì dàgbà púpọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀. Wẹ́dà ni gbogbo wa ń pè é. Géètì ló ń ṣe, àti irin ojú fèrèsé, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tí kì í ṣe géètì, tí kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Mo ń wò ó bó ṣe ń gé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń jó o mọ́ra. Mo kọ́kọ́ rò pé bẹ́ẹ̀dì ni. Lẹ́yìn náà mo rò pé àgò adìẹ ńlá ni. Ìgbà tó fi táyà mẹ́rin sí i ni mo tó gbà pé mọ́tò ni. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé, kò ní gíláàsì kankan. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Gbogbo egungun rẹ̀ ló hàn síta bíi ti màlúù tí ọ̀dá pa. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Eegun, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Wẹ́dà ní kì í ṣe ọkọ̀ ìrìn-àjò, eré ni òun fẹ́ máa fi sá lórí pápá, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni òun yóò sì fi sínú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi.

Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹni tó bọ́ lé mi, ọlọ́kadà ni tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kadà kékeré tí gbogbo ayé ń gùn ló ní o. Tirẹ̀ tóbi. Tòkúnbọ̀ ni, apá ẹnubodè Ṣakí ló gbà wọlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára débi pé ó lè ru àpò àgbàdo láti Ìgbòho títí dé ọ̀dọ̀ wa láìmí gúlegúle. Àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi máa ń pè é ní orogún òun. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ń ti Òkèhò bọ̀, àwọn kan ta okùn dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó ṣubú. Wọ́n gbé ọ̀kadà lọ, wọ́n sì fi òun sílẹ̀ sínú koríko tòun ti ẹsẹ̀ òsì tó ti kán. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀kadà mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ jíà. Wọ́n gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gba ẹsẹ̀ tí ì bá fi gun òmíràn.

Láti ìgbà náà, ilé ló ń jókòó sí. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀wà, ó ń gbọ́ rédíò. Bí ọ̀kadà bá kọjá lóde, ó máa ń dákẹ́ títí dídún rẹ̀ yóò fi tán.

Nílé wa, a máa ń sàmì sí nǹkan. Bàbá mi kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Gbogbo ewúrẹ́ ilé wa, bákan náà la ṣe ń gé etí wọn: gígé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò kan láàárín. Ohun tí a gé sí etí ewúrẹ́ yìí náà la ń gbẹ́ sí ara ẹ̀rúkọ́, sí ìdí odó, àti sí abẹ́ àpótí ìjókòó. Nígbà tí àbúrò mi ra ọ̀kadà, ó dà á dùbúlẹ̀ nínú àgbàlá, ó mú irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù, ó sì gbẹ́ àmì ilé wa sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì dànù. Èmi ni mo bá a di táyà mú kí ó má baà yí.

Ọjọ́ tí Wẹ́dà kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, bùláòsì ìyàwó kan ni mò ń rán lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá dún geere. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí máṣíìnì. Bí ti àbúrò mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn láràárọ̀ lábẹ́ fèrèsé mi, nígbà tó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí n má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń húkọ́ pọ̀ nígboro, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo sún máṣíìnì mi wá sí ẹnu ọ̀nà gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àbúrò mi rà ló wà nínú Ọkọ̀ Eegun yìí? Bó bá jẹ́ òun ni, Wẹ́dà á sọ ẹni tó tà á fún un, ẹni yẹn náà á sọ ẹni tó gbé e wá, a ó sì máa tú u bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ta okùn.

Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn mọ́tò ti sọ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà di ibùjókòó. Bẹ́ńṣì gígùn kan ló wà lábẹ́ páànù, ibẹ̀ ni wọ́n ń kóra jọ sí lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n á sì máa jiyàn bí ẹni pé ìjọba ló gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti wa lọ́rì gbé iṣu láti kékeré títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta fóònù náà wà níbẹ̀, kò sí irú eré ìje tí kò tíì wò lórí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ́tò, kò sì ní kẹ̀kẹ́.

“Ọkọ̀ tí ò lè gbé àpò èlùbọ́ kan ṣoṣo,” Bàbá onílọ́rì á ní. “Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe gan-an?”

“Bàbá, kò sí èlùbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí,” Tíṣà á dá a lóhùn. “Ohun tí ò rù ló máa jẹ́ kó sáré. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ti nǹkan fúfúyẹ́, ó sàn ju ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń ti ara ẹ̀ kiri. Kó tún wá dórí kọ́nà! Ọkọ̀ yín á ṣì máa mikàn, èyí ti yí i tán.”

“Ẹ tún wo bó ṣe ń pariwo,” onífóònù á gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ́ńjìnnì mọ́tò, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ rò ó ná. Ti ọ̀kadà ò ráyè à ń ro nǹkan.”

“Ó sì máa tètè kú,” Bàbá onílọ́rì á ní. “Iṣẹ́ tí wọn ò dá a fún lẹ ń gbé lé e lọ́wọ́. Ṣéènì lẹ tún fi ń fa táyà ẹ̀yìn. Bí ṣéènì yẹn bá já lójú eré, tó bá na ẹni tó ń wà á lẹ́yìn ọrùn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ṣéènì yẹn kì í ṣe àwàdà. Èmi náà ti rò ó.

Ọ̀kadà kì í padà sẹ́yìn, nítorí náà Ọkọ̀ Eegun kò ní rifáàsì. Bó bá kọjú síbi tí wọn kò fẹ́, ńṣe ni àwọn méjì máa ń lọ dì í mú nídìí, tí wọ́n á gbé e sókè, tí wọ́n á yí i padà bí ẹni ń yí tábìlì. Bàbá onílọ́rì fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń yangàn nípa rẹ̀. Ó fúyẹ́, wọ́n á ní, ẹ ò rí i bó ṣe fúyẹ́! Fífúyẹ́ yìí ti di ẹ̀sìn fún wọn. Wọ́n lu ihò sí ara ìtẹ́sẹ̀ bíréèkì. Wọ́n ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò nítorí pé ọ̀dà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí Tíṣà tó bọ́ bàtà kó tó wọ inú rẹ̀ jókòó. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni, àṣé tọkàntọkàn ni.

Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni pé àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀. Ó jáde nílé fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ìdí bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni ohùn rẹ̀ lọ sókè jù nínú gbogbo wọn. Ó ń bá Bàbá onílọ́rì jà lórí ọ̀rọ̀ ṣéènì, ó ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé táńkì epo sí. Ó sanra díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé èmi ni mo kan mọ́tò. Inú mi dùn, n kò lè purọ́. Ara sì fu mí. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ dídún ọ̀kadà létí, kí ló tún wá ń wá nídìí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà?

Ohun kejì tó fu mí lára ni àpò ìrẹsì. Nígbàkúùgbà tí mo bá rékọjá títì lọ bá wọn, òfìfo àpò ìrẹsì kan ti máa ń bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Tí mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ tí mo fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àpò ti kúrò. Mo dán an wò léraléra. Mo lọ láti tọrọ iná, mo lọ láti kí wọn kú iṣẹ́, mo lọ láti gbé àkàrà fún wọn. Àpò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Wọ́n jẹ àkàrà mi, wọn ò ṣí àpò.

Lọ́jọ́ tí mo gbé àkàrà lọ ni mo bi í.

“Wẹ́dà, níbo lẹ ti ra ẹ́ńjìnnì yìí?”

Kàkà kó dá mi lóhùn, àbúrò mi ló kọ́kọ́ wò. Mo rí i. Ó wò ó fìrí, ó wá wolẹ̀. “Ṣakí ni, mà. Lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń tú ọ̀kadà tà.”

“Èwo nínú wọn?”

“Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, mà.”

“Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn.”

Àbúrò mi dá sí i. “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bùbá tí mo ní kí ẹ bá mi rán yẹn ńkọ́?”

Mo wò ó. Bùbá náà ló wọ̀ sọ́rùn.

Mo kó abọ́ àkàrà mi, mo bá tèmi lọ. Lọ́kàn mi, mo ti parí ẹjọ́: olè ni Wẹ́dà, tàbí ó bá olè ra ọjà, ó sì ti fi ẹ̀rín àti mọ́tò fa ojú àbúrò mi mọ́ra. Ó dùn mí. Lójú ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi nǹkan rẹ̀ ṣeré, òun ló sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Láàárín àsìkò yẹn ni wọ́n gbé jíà kúrò níbi ẹsẹ̀. Wẹ́dà jó ọ̀pá irin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga, ó so jíà mọ́ ọn, ó sì fi ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí jíà tó lè wọlé sí orí ọ̀pá náà. Ọwọ́ ló kù tí yóò máa ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá onílọ́rì ní àpọ̀jù ni, irin tuntun lórí ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Onífóònù ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun. Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi pe ìrun. Èmi ò tẹ́tí sí wọn púpọ̀, nítorí abẹ́ ọkọ̀ ni ojú mi wà.

Wọ́n tún ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wà á. Tíṣà ní òun ni, nítorí òun ló ṣe gbogbo ìṣirò. Onífóònù ní òun fúyẹ́ jù ú lọ. Wọ́n bi Wẹ́dà, ó ní àwọn á rí i tó bá dọjọ́ náà. Ìyẹn náà fu mí lára.

Ọjọ́ náà bọ́ sí Sátidé. Pápá tábà ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yìn ìlú ni pápá náà wà, ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń kó tábà wá tà láyé bàbá mi. Wọ́n da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kí ewé má baà kan erùpẹ̀. Tábà ti lọ, àwọn tó ń rà á ti lọ, kọnkéré ló kù, àti ahéré onípáànù tí wọ́n ti máa ń wọn ọjà. Bàbá mi kò gba ìwọ̀n wọn gbọ́ títí ó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ohunkóhun mú. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń rìn bọ̀ lọ́nà. Mo ní lónìí, èmi á rí i mú.

Èrò pọ̀ díẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Àwọn kan wá láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọ̀kadà ńláńlá, wọ́n ń yí Ọkọ̀ Eegun po, wọ́n ń fi ìka kan páìpù rẹ̀, wọ́n ń sọ pé ó dáa, pé kò dáa, pé àwọn ì bá ti gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló lẹ́nu. Bí mo ṣe yọ, Wẹ́dà na ọwọ́ sí àpò ìrẹsì.

“Fi í sílẹ̀,” mo ní. N kò rò ó pé kí n pe ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀yin tẹ́lẹ̀ ní ìwọ. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni.

Mo ṣí ìborùn mi, mo tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, mo dùbúlẹ̀, mo sì fi orí wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ìyá àgbà bíi tèmi, tó gbé gèlè wá síta, tó wá ń wọ abẹ́ mọ́tò níṣojú ọkùnrin! Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì dànù, mo rí i. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìyókù abẹ́ ẹ́ńjìnnì dúdú fún ọ́ìlì tó ti gbẹ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú ibì kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ń dán yanran. Wọ́n ti fi fáìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ha á títí ó fi tẹ́jú. Kò sí gígé méjì. Kò sí ihò. Mo fi ìka mi kàn án, ó jọ̀lọ̀.

Mo jáde. Mo na ìka sí abẹ́ ọkọ̀. “Ta ló ha ibẹ̀ yẹn?”

“A ha á kó lè fúyẹ́ ni, mà,” Wẹ́dà sọ.

“Gbogbo ara ẹ̀ la ń ha, Ìyá Ìbejì,” Tíṣà ní, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. “Ẹ ò rí bíréèkì?”

“Kí lẹ rí yọ níbẹ̀? Ìwọ̀n eṣinṣin?” Mo gbá erùpẹ̀ kúrò lára ìró mi. “Ẹ́ńjìnnì àbúrò mi lẹ fi ń ṣeré. Ẹ máa ṣe é lọ. Tèsàn ni mò ń lọ báyìí, kí ọlọ́pàá wá bá yín wọn ọ́n.”

Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo forí lé títì. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Mo ti dé ìdí igi òrí tó wà létí pápá kí n tó gbọ́ ọ̀pá àbúrò mi lórí kọnkéré lẹ́yìn mi. Ó ń sáré, bí a bá lè pe ìyẹn ní eré. Mo dúró nítorí n kò fẹ́ kó ṣubú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. Kì í pè mí bẹ́ẹ̀. “Èmi ni mo ha á.”

N kò lóye. Mo ní kó tún un sọ.

“Èmi ni mo fi fáìlì ha á, kí ẹ má baà rí i. Wẹ́dà ò mọ̀ nígbà tó rà á. Ọjọ́ tó tan án lẹ́ẹ̀kíní, mo gbọ́ ọ láti ilé. Ibo ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ tí n ò ní mọ̀ ọ́n? Mo wá síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ ti lọ sílé, mo fọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀, mo bá àmì wa níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n máa gbé e lọ, tàbí kí á jọ lọ sí tèsàn. Èmi ni mo ní rárá.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀yìn tèsàn rí. Àwọn ọ̀kadà tí wọ́n kó síbẹ̀ pé ẹ̀rí ni, koríko ti gba àárín wọn hù. Títí ẹjọ́ á fi parí, òjò á ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n wá gbé e, kí ni n ó wá fi ṣe?” Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. “Èyí ò lè tẹ jíà láéláé.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ẹ̀.

“Òun ló ní òun lè gbé jíà wá sọ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo fẹ́ wà á lónìí. Èmi ni wọ́n ṣe é fún. Tíṣà gan-an ò tíì mọ̀.”

“O ò wá lè sọ fún mi?”

“Mo mọ̀ yín. Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ ti dé tèsàn.”

Ìyẹn dùn mí nítorí òótọ́ ni. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Wẹ́dà pẹ̀lú àpò ìrẹsì rẹ̀, inú sì bí mi jù sí àwọn tí mi ò mọ ojú wọn. Mo bi í pé àwọn tó ta okùn ńkọ́. Ṣé kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n tún máa ta okùn fún ẹlòmíràn? Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní gbàgbé, pé n ó lọ sí Ṣakí fúnra mi, n ó máa bi wọ́n léèrè láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ lọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wà á lónìí ná.”

A jọ padà. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wẹ́dà, òun náà kò sì retí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì olè ni mo pè é, ẹ́ńjìnnì olè sì ni. Àwọn èrò ń wò wá. Àbúrò mi gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Bàbá onílọ́rì, ó di páìpù mú, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú àga, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé. Tíṣà, tó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, tún wọ̀ ọ́ padà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé wọ́n ti ṣe ibì kan sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà, wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n sì fi fóòmù nínípọn tẹ́ ẹ kó má baà máa gbá a. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ha ọ̀dà kúrò lára rẹ̀ nítorí ìwọ̀n, wọ́n fi fóòmù yẹn sílẹ̀.

Ahéré ni ọkọ̀ náà kọjú sí, wọ́n sì ní láti yí i. Wẹ́dà dì í mú lápá kan. Kí ẹlòmíràn tó dé apá kejì, mo ti wà níbẹ̀. Mo ká ìró mi, mo kì í mọ́lẹ̀ nídìí, a gbé e, tòun ti àbúrò mi nínú rẹ̀. Mo retí kó wúwo; kò wúwo.

Àbúrò mi tan ẹ́ńjìnnì. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá dún geere. Àbúrò mi fọwọ́ fa ọ̀pá jíà, ó sì lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ahéré, ó yí kọ́nà tí Tíṣà ti ń sọ láti oṣù mélòó kan, eruku tẹ̀lé e. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń pẹ̀gàn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń hó. Bàbá onílọ́rì di ọ̀pá àbúrò mi mọ́ àyà, ó ń ké sí i pé kó ṣọ́ra fún ṣéènì. Láti ibi tí mo dúró sí, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ń tiro.

Wẹ́dà sún mọ́ mi. Kò wò mí lójú. “Mà,” ó ní, “ṣé ẹ ṣì ń lọ sí tèsàn?”

Mo ní kó dákẹ́ ná, kí n gbọ́ dídún ẹ́ńjìnnì náà dáadáa.